Ìdáhùn: "Agbègbè Ìṣòwò Ọ̀fẹ́": ọ̀fẹ́ wo nìyẹn?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o.

Mo ti pinnu pé n kò ní dá sí èyí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kàdúná ti kọ̀wé sínú ẹgbẹ́ wa yìí pé òun ti bá wa wá orúkọ fún ohun tí ìjọba ń pè ní free trade zone: "agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́". Ẹ̀gbọ́n ní kí á gbé e fún àwọn oníròyìn, kí á sì yé jiyàn, torí pé òun ti fi 30 ọdún kọ́ni ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ yín dáhùn pé ẹ ṣeun, sà, ó dùn létí. Èmi gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ sùn. Àfi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lé mi bá nínú ọjà Kúbwà, níbí ní Àbújá, lọ́jọ́ Sátidé.

Màmá kan wà níbẹ̀, ará Ọ̀fà, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń ra èlùbọ́. Ó máa ń so rédíò kékeré kan mọ́ ọ̀pá agbòòrùn rẹ̀. Módù tó fi ń wọn èlùbọ́ ti kún, èlùbọ́ ga ṣóńṣó lórí rẹ̀, màmá ń fi ọwọ́ òsì gbá etí módù mú kí ìyẹ̀fun má baà dà nù, ni olùkàròyìn bá ní ìjọba fẹ́ fi kún àwọn agbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ tó wà lápá Àríwá. Ọwọ́ màmá dúró.

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ibo ni wọ́n ti ń pín in?"

Mo ní wọn ò pín nǹkan kan, màmá. Ó ní kí ló wá jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀? Èmi tí mò ń fi ìtumọ̀ èdè jẹun ní ìlú Àbújá yìí, ẹnu mi wọ́. Mo ní, ṣé ẹ rí i, àwọn tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni, tí wọ́n bá kó ẹ̀rọ wọlé, wọn ò ní gba owó bodè lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní gba owó orí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n dá wọn sí ni."

Ó da èlùbọ́ sínú ọ̀rá mi, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí, èènì mi nìyẹn, ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń jà! Obìnrin yìí kò fi ìṣẹ́jú kan rò ó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀fẹ́ ni ìjà mi. Ẹ fi agbègbè sílẹ̀ ná, a ó dé ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tí a kò sanwó rẹ̀ àti ẹni tí a kò dè. Tiwọn nìyẹn. Àwa ti pín in tipẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ohun tó bọ́ sí ọ láàtẹ́lẹwọ́ láìmú owó jáde. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955 ló wá fi ìtumọ̀ yẹn kanlẹ̀ pátápátá: ọmọ wọ kíláàsì, bàbá rẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ẹni tí a kò dè, ta ní í pè é ní ẹni ọ̀fẹ́? Ẹ dán an wò ní Òṣogbo kí ẹ wo bí wọn ò ṣe ní fọ́ yín létí. Bí ẹ bá wá ní "ìṣòwò ọ̀fẹ́", ohun tí Yorùbá gbọ́ ni òwò tí wọ́n ń ṣe láìgbowó. Òwò wo nìyẹn? Ìtọrẹ àánú nìyẹn.

Ẹ sì jẹ́ ká wo ohun náà fúnra rẹ̀, torí ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Òfin 63 ti ọdún 1992 ló dá NEPZA sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀, níbí ní Àbújá ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Kàlàbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kánò ní tirẹ̀ ní Panisau. Bí wọ́n ṣe kọ òfin náà ní 1992, ilé iṣẹ́ tó bá wà nínú irú agbègbè bẹ́ẹ̀ kò ní san owó orí ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀. Ẹ̀rọ àti ohun èlò rẹ̀ á wọlé láìsan owó bodè. Àjèjì lè dá a ni láìwá ọmọ Nàìjíríà kankan mọ́ra, ó sì lè kó èrè rẹ̀ lọ sílé tán. Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá náà kò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, fún ọdún 10 gbáko láti ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. (Èyí kì í bọ́ sórí rédíò, n kò mọ ìdí.) Wọn ò sì ní gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní àkókò tí wọ́n bá ń kọ́lé lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni ọ̀fẹ́ yín ti rí ẹsẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá kọ́lé tán, owó ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Owó ìwé àṣẹ wà. Bí wọ́n ṣe kọ òfin náà ní 1992, ìdá 25 péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n bá ṣe ni wọ́n lè tà fún wa níhìn-ín, pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda, wọn á sì san owó bodè rẹ̀ kó tó jáde síta. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ọjà tí wọ́n ṣe ní Kánò, tó fẹ́ gba ẹnu géètì jáde sí títì Kánò, òfin ń wò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Èmi àti màmá ẹlẹ́lùbọ́ la wà nínú bodè. Àwọn wà lẹ́yìn odi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ilẹ̀ wa ni wọ́n wà. Gbogbo ọgbọ́n ohun náà kò ju èyí lọ: a bu abọ́ ilẹ̀ kan nínú ilẹ̀ wa, a ní kí aṣọ́bodè máa fi ojú òkèèrè wò ó. Orúkọ tí kò bá ní odi àti bodè nínú, kò tíì sọ nǹkan kan.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àbúrò wa tó kọ̀wé láti Jọ́ọ̀sì pé "ẹkùn àkànṣe ọrọ̀ ajé" ni kí á lò. Àkànṣe dára. Ẹkùn ni n kò fọwọ́ sí. Àbúrò, ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp? Bí ẹ bá tẹ "ekun oro aje" ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà lásìkò yìí, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta gáàrì, kò sí ẹni tó máa kà á ní ẹkùn. Ẹkún ni gbogbo wọn máa kà, wọn á sì dáhùn pé àmín, a ti ń sun ún.

Ọgbà ni mo fara mọ́. Ọgbà ẹranko, ọgbà ilé ìwé, ọgbà Ẹ́dẹ́nì. Ibi tí a sọgbà yí ká, tó ní ẹnu ọ̀nà, tí òfin inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìta. Mo ti sin àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣe kílíárìn dé ẹnu irú géètì bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pá irin dábùú ọ̀nà. Aṣọ́bodè kan jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó gba ìwé lọ́wọ́ wa, ó dìde, ó lọ síbi ìdí kọ̀ǹténà, ó fi ìka tọ nọ́ńbà tó wà lára èdìdì náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń ka á sókè lédè Haúsá, ó sì ń yẹ ìwé wò bó ṣe ń kà á. Nọ́ńbà kan kò hàn dáadáa. Ó tutọ́ sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi nu ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ ni a lò níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi pé ìṣòwò ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe nínú ilé yẹn, màá ní kó lọ bi bàbá abẹ́ dóńgóyárò.

Ẹ̀gbọ́n ní Haúsá ti yanjú tiwọn, pé "ciniki maras shinge" ni rédíò wọn ń sọ, ìṣòwò tí kò lọ́gbà, kí ló dé tí àwa ń fi nǹkan falẹ̀. Èmi náà gbọ́ Haúsá, Sábò Kánò ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n da nǹkan méjì pọ̀. Àdéhùn òwò tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe láàárín ara wọn, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Niamey, olú ìlú Niger, ní 2019, tí òwò sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní January 2021, ìyẹn ni maras shinge bá mu: wọ́n ń wó ọgbà tó wà láàárín ìlú sí ìlú. Tiwa tí à ń sọ yìí, ṣe ni wọ́n ń mọ ọgbà tuntun. Bí wọ́n bá fi orúkọ kan pe ẹni tó ń wó ilé àti ẹni tó ń kọ́ ọ, kí la fẹ́ pe bíríkìlà?

Ẹnìkan yóò ní ọgbà kéré jù. Ní ilẹ̀ Ṣáínà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ṣáínà, torí ó dùn mọ́ mi, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ gan-an. Ní 1979, nígbà tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Guangdong, tí Xi Zhongxun ṣe olórí wọn, lọ bẹ Beijing pé kí wọ́n fún àwọn láyè láti fa olókòwò òkèèrè wọlé, orúkọ ló kọ́kọ́ há wọn lọ́nà ọ̀fun. Wọn ò lè lo orúkọ tí Taiwan ń lò fún ti Kaohsiung, ìlú èbúté wọn, láti 1966, ẹ̀yin náà mọ ìjà tó wà láàárín wọn. Deng Xiaoping, aṣáájú Ṣáínà nígbà náà, ló ní kí wọ́n máa pè é ní tequ, ìyẹn ibi ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ti lò láyé ogun fún apá Shaanxi, Gansu àti Ningxia tí wọ́n sá sí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n kọ́kọ́ fi "títa sókè òkun" ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé. Ní 1980 wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ọrọ̀ ajé dípò. Ìyẹn ni Shenzhen, Zhuhai, Shantou àti Xiamen fi bẹ̀rẹ̀. Te yẹn, ọ̀tọ̀ ni. Kì í ṣe pàtàkì, bí ẹnìkan ṣe kọ ọ́ síbí lọ́jọ́ Túsìdeè. Gbogbo ibi ló ṣe pàtàkì, ẹ bi ọmọ ibẹ̀. Ohun tó bá dá yàtọ̀ ni à ń pè ní ọ̀tọ̀.

Ṣé ẹ sì mọ̀ pé Shenzhen náà lọ́gbà rí? Wọ́n fi wáyà gbọọrọ tó lé ní 80 kìlómítà là á kúrò lára Ṣáínà yòókù. Nígbà náà, ará Ṣáínà fúnra rẹ̀ ní láti gba ìwé kó tó wọ ibẹ̀, nínú orílẹ̀-èdè rẹ̀! Ọdún 2010 ni wọ́n fẹ ojú òfin náà dé gbogbo ìlú yẹn, 2018 ni wọ́n sì tó fagi lé odi náà lábẹ́ òfin. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọgbà kéré. Ní tiwa níbí, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba àṣẹ kí wọ́n sọ inú ọgbà tirẹ̀ nìkan di irú ibẹ̀. Agbègbè wo ló wà nínú ilé iṣẹ́ kan?

Àbúrò wa tó wà ní Gwárínpà, tó ń ṣe ìwé gíga nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ti kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀ pé ọgbà ń mú èèyàn rántí ẹ̀wọ̀n. Àbúrò, bí wọn ò bá lè daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún 10, ṣé ẹ rò pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa pa?

Ó kù sí ìdajì kejì orúkọ náà. Màmá ní "wọ́n dá wọn sí". Mo kọ́kọ́ kọ "ọgbà ìdásí" sínú ìwé mi, inú mi dùn. Àbúrò Gwárínpà yìí náà ló tún ní ìdásí ti lówó lórí, pé òun ni àwọn oníròyìn ń lò bí ìjọba bá tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ kan: ìdásí ìjọba lórí owó epo. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà lò ó ní gbólóhùn àkọ́kọ́ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó jẹ́ títọwọ́bọ̀ kì í pínyà: dá sí ọ̀rọ̀, dá sí ìjà. Ti màmá ni à ń pín sí méjì, tí ẹni tí ọ̀ràn kàn á sì jókòó sáàárín: dá wọn sí, ikú dá a sí, Olúwa dá mi sí. Ohun méjèèjì kò yàtọ̀ létí, ohùn òkè ni dá, ohùn òkè ni sí, àyè àárín nìkan ló yà wọ́n. Nígbà tí a bá sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ orúkọ, àyè yẹn á dí, wọn á sì di ìbejì. Kí la máa ń ṣe nírú ibẹ̀? A máa ń ki -ni- bọ àárín. Kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́. Gbà á síṣẹ́, ìgbanisíṣẹ́. Dá a sí, ìdánisí.

Ọgbà ìdánisí. Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bú mi.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n máa ní -ni- wà fún ènìyàn, pé ilé iṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn. Lójú òfin, ènìyàn ni, ó lè pe ẹjọ́, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Ẹ lọ bi lọ́yà.

Àwọn ohun tí ìjọba fi ń fà wọ́n mọ́ra ńkọ́, kí la ó máa pè wọ́n? Ẹ fi kóríyá sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Èènì ni. O ti rajà kí wọ́n tó fún ọ ní èènì. Ẹni tí kò ra nǹkan kan, tó ń béèrè èènì, ẹ mọ orúkọ tí à ń pè é. Lọ́dọ̀ wa, a tún ní àlejò bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀. N kò rò pé owó orí nìkan ni èkùrọ́ tí òkété yìí ń wá. Ọgbà tí kò níná, tí kò lọ́nà rélùwéè tó dé etí òkun, kí ni dídánisí fẹ́ ṣe níbẹ̀? Hong Kong ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shenzhen. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Panisau? Ẹ má wò mí, ọ̀rọ̀ èdè la wá sọ.

Ẹ wò ó, ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn tó lè bá wa dá ẹjọ́ yìí ti lọ. Bàbá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Kánò, òwò aṣọ ló ṣe ní Sábò títí ó fi kú. Bí wọ́n bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán, wọ́n á tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo máa ń bu omi fún wọn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ owó bodè rí. Fítò ni wọ́n ń sọ, torí kuɗin fito ni Haúsá ń pè é, wọ́n kàn gé e kúrú. "Wọ́n ti gba fítò lórí rẹ̀." Ara àwọn èèyàn yẹn ni fàyàwọ́ ti wá. Ta ló jókòó ìgbìmọ̀ lórí fàyàwọ́? Kò sí. Ẹnìkan rí ọkùnrin tó ń fi àyà wọ́ gba inú igbó lóru pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ó pè é ní ohun tó rí. Ẹ fi wé "èbúté gbígbẹ" tí ẹnìkan nínú wa kọ fún dry port tí wọ́n ṣí ní Kàdúná ní 2018, tó tún gbé e lé ti Dala ní Kánò ní 2023. Gbígbẹ bí ẹja? Ọ̀gá ẹni yẹn ṣì ń bẹ nínú ẹgbẹ́ wa yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Èbúté orí ilẹ̀ ni, sà. Mo ti sọ ọ́ nígbà yẹn, ẹ ní ọmọ kékeré ni mí.

Ní ti 30 ọdún ẹ̀gbọ́n, mo júbà. Ṣùgbọ́n màmá Ọ̀fà ti ń ta èlùbọ́ kí wọ́n tó gbé olú ìlú wá sí Àbújá ní 1991, bí ó bá jẹ́ iye ọdún la fẹ́ kà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n bá mi dá sí i. Ẹ̀gbọ́n sọ láàárín ọ̀rọ̀ pé ibodè wá láti ara "ibi òde". Ìsàlẹ̀ ni ohùn àkọ́kọ́ òde, àárín ni èkejì. Dè tó gbẹ̀yìn ibodè, ìsàlẹ̀ ni. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn fò láti orí ò dé orí e báwo? Bí ó bá jẹ́ pé "ibi tí wọ́n ti ń dè é" ni, bí ọdẹ ṣe ń de ẹran, mo lè gbà á, ṣùgbọ́n ta ló ni bo nígbà náà? Ẹni tó bá ní ìwé atúmọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́, kó bá mi ya fọ́tò ojú ìwé náà. Ikán ti jẹ tèmi láti A dé D.